Àyẹ̀wò Tí Àǹtí Mọ́ṣádé Kò Ṣe

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mosúnmọ́lá kan ilẹ̀kùn yàrá Àǹtí Mọ́ṣádé láàárọ̀ Sátidé yẹn kí ó tó gbọ́ ohùn rẹ̀, ohùn náà kò sì jọ ti ẹni tó sùn rárá.

"Mò ń bọ̀, ìyàwó. Jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ ná."

Ó yẹ kí ó ti jáde tipẹ́. Láràárọ̀ Sátidé, kí aago méje tó lù, gbogbo ilé ti máa ń gbọ́ ọ tó ń rin ewùrà lẹ́yìnkùlé fún ìkọ́kọrẹ́, tí yóò sì máa bá ẹnikẹ́ni tó bá kọjá jà pé kò kí òun. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ewùrà náà. Lónìí, ewùrà méjì ńláńlá wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, èèpo wọn wà lára wọn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Mosúnmọ́lá ti ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ikùn mú. Bókítì kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, èébì tó wà nínú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí omi ewé. Ikùn náà ti wú débi pé ìró tó fẹ́ ró kò yí i ká mọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mosúnmọ́lá ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlera kékeré tó wà ní àdúgbò wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ń gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́, ó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún àwọn àgbà. Ó mọ irú ikùn tí òun ń wò yìí. Ó kàn ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kó jẹ́ pé òun ló ṣì í mọ̀.

"Ọjọ́ wo lẹ ti yàgbẹ́ kẹ́yìn, Àǹtí?"

"Mọ́ńdè."

"Mọ́ńdè! Òní Sátidé nìyí, ẹ sì dákẹ́? Afẹ́fẹ́ ńkọ́, ṣé ó ń jáde?"

Àǹtí Mọ́ṣádé mi orí. "Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Tó bá dì mí báyìí, yóò tún tú mi sílẹ̀. Lọ ho ewùrà yẹn kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan jẹ."

Bọ̀wálé ọkọ rẹ̀ wọlé, kànrìnkàn tó fi ń fọ mọ́tò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọṣẹ ń kán sílẹ̀. Tíṣà ìṣirò ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́nà Ijagun, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kì í fẹ́ ariwo. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló rán an dé yunifásítì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ó wo bókítì, ó wo ikùn.

"Ẹ dìde, Àǹtí. Ọsibítù yá."

"Ọsibítù kẹ̀? Kí n lọ dùbúlẹ̀ kí àwọn ọmọdé máa ki ìka bọ̀ mí nídìí? N kò lọ."

"Ẹ ń lọ."

"Bọ̀wálé, èmi ni mo wẹ̀ ọ́ nígbà tí o wà ní ìkókó, má pàṣẹ fún mi."

Wọ́n ṣì wà lórí ìyẹn nígbà tí Ìyá Hanifah dé láti ilé kejì, ìgò àgbo kan wà lábẹ́ ìborùn tó fi bo èjìká. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kírun ìdájí ni òun ti ń gbọ́ tí wọ́n ń bì, òun sì ti mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

"Ife kan péré," ó wí, ó ti ń ṣí ọmọrí ìgò. "Báyìí gan-an ló ṣe bàbá Hanifah. Kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti ń sáré lọ sí ṣálángá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde yìí, ta ni kò yà á rí ládùúgbò yìí? Gbogbo ṣúgà tí à ń kó jẹ ni."

Mosúnmọ́lá gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi ipá gbà á, àmọ́ kò rọra gbà á náà. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Hanifah. Nǹkan kan kò gbọdọ̀ kan ẹnu wọn mọ́."

"Háà. Ṣé mo fẹ́ pa wọ́n ni? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera yìí, ẹ kàn ń fojú di àgbo ni. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ̀yin fún wọn fún wa ná."

Bọ̀wálé kò gbọ́ èyí tó kù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá a dúró. "Ẹ̀jẹ̀? Ẹ̀jẹ̀ wo?"

Ìyá Hanifah wo ilẹ̀, ó mọ̀ pé òun ti sọ ohun tí kò yẹ kí òun sọ.

"Ó ti pẹ́," Àǹtí Mọ́ṣádé wí níkẹyìn. Ó ń sọ ọ́ fún bókítì, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mo rí i lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń lọ sópin. Mi ò kúkú dákẹ́. Mo lọ bá wọn níbi iṣẹ́ ìyàwó rẹ."

Mosúnmọ́lá yára yíjú sí i. "Ìgbà wo lẹ wá, Àǹtí? Mi ò rí yín."

"Ìwọ lọ fún kọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ yẹn. Nọ́ọ̀sì Edith ni mo bá. Ó ṣí ìwé ńlá yín, ó wá orúkọ mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, mo ti ṣe àyẹ̀wò ìgbẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Ó ní ti jẹ̀díjẹ̀dí lásán ni. Ó fún mi ní oògùn tí mo ń kì bọ ìdí. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sínú káàdì mi."

"Ẹ kò sọ fún mi."

"Kí ni mo tún fẹ́ sọ fún ọ? Ẹ̀yin náà lẹ ní ara mi dá."

Bọ̀wálé kò dúró gbọ́ ẹjọ́ mọ́. Ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ, ó gbé e sínú mọ́tò tí ọṣẹ ṣì wà lára gíláàsì rẹ̀. Ayọ̀mípọ̀sí, ọmọ wọn tó wà nílé fún ìsinmi, sáré mú báàgì Àǹtí jáde. Àwọn ará àdúgbò ti ń yọjú. Ẹnìkan ní wọ́n lè ti fún un ní nǹkan jẹ. Ẹlòmíràn ní ṣebí ìyàwó ilé yẹn ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, báwo ló ṣe wá di báyìí? Mosúnmọ́lá gbọ́ ọ kedere kí ó tó pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé.

Ẹ̀yìn ló jókòó sí, ó gbé orí Àǹtí lé itan. Bí mọ́tò bá ti bọ́ sí kòtò, Àǹtí á kérora, Bọ̀wálé á sì ní "Ẹ pẹ̀lẹ́" láìbojú wẹ̀yìn. Mosúnmọ́lá kò lè sọ "Ẹ pẹ̀lẹ́" kankan. Ìwé ńlá tí Àǹtí dárúkọ yẹn ló ń rí níwájú rẹ̀, àti ìlà tí orúkọ Àǹtí wà.

Òun ló kọ ọ́ síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀, pẹ̀lú bírò tirẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni àjọ kan kó àwọn ìgò rọ́bà kékeré wá fún wọn, ọgọ́ta. Ẹni tó bá ti lé lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́ta ni kí wọ́n fún. Èèyàn á gbé e lọ sílé, á fi igi tín-ń-rín tó wà nínú rẹ̀ kan ìgbẹ́ rẹ̀, á dé e, á dá a padà. Bí ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí bá wà níbẹ̀, wọn á rí i, wọn á sì rán ẹni náà lọ sí ọsibítù ńlá kí jẹjẹrẹ ìfun tó rí ààyè jókòó. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí pé ẹnìkan ń ki ìka bọ èèyàn nídìí. Àmọ́ ojú ń ti àwọn èèyàn. Wọ́n á gba ìgò náà, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gbé e pamọ́. Àǹtí Mọ́ṣádé gbé tirẹ̀ sójú fèrèsé yàrá, nígbàkígbà tí Mosúnmọ́lá bá sì béèrè, á ní "Lọ́la, ìyàwó, kò sá lọ."

Nígbà tó kù ọ̀la kí àwọn alábẹ̀wò àjọ náà dé, méjìdínlógójì péré ló ti padà. Ọ̀gá ilé ìlera wọn dúró lẹ́yìn rẹ̀ nídìí tábìlì. Kò pàṣẹ. Ó kàn ní, "Iye tó padà ni wọ́n máa bi wá o. Ilé ìlera tí iye tiwọn bá kéré, wọn ò ní fún wọn ní nǹkan kan mọ́." Ó sì jáde.

Orúkọ Àǹtí ni Mosúnmọ́lá fi bẹ̀rẹ̀. Ará ilé ni, kò sí ìgbà tí òun kò lè gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. *Ó padà. Kò sí ẹ̀jẹ̀.* Lẹ́yìn tó ti kọ ẹyọ kan, èyí tó kù kò nira. Ó kọ ọ́ fún àwọn méjìlélógún, ó pa ìwé dé, ó lọ sílé. Wọ́n yìn wọ́n. Wọ́n fún wọn ní ìwé ẹ̀yẹ tí wọ́n fi gíláàsì bò, ó wà lára ògiri títí di bí a ti ń wí yìí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá. Nígbà tí wọ́n ń kun yàrá Àǹtí ní ọ̀dà, ẹnìkan gbá ìgò náà dànù pẹ̀lú ìdọ̀tí.

Ní ọsibítù, dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ ọmọbìnrin kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti pọ́n fún àìsùn. Ayọ̀tọ̀míwá ni orúkọ tí wọ́n kọ sí àyà rẹ̀. Ó tẹ ikùn náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò ikùn, ó ki ọ̀pá rọ́bà bọ Àǹtí nímú títí dé ikùn, omi aláwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í dà sínú àpò. Nígbà tí fọ́tò jáde, ó gbé e sójú iná wò.

"Ìfun wọn ti dí. Nǹkan kan ti hù sínú ìfun ńlá lápá òsì, ó ti di ojú ọ̀nà pa. A ní láti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lónìí. Ṣé wọ́n ti ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Bọ̀wálé dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà korò lẹ́nu rẹ̀, nítorí àárọ̀ ọjọ́ náà lòun náà gbọ́.

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe àyẹ̀wò fún wọn rí?"

Àǹtí Mọ́ṣádé kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa nítorí ọ̀pá tó wà nímú rẹ̀. Ó nawọ́ sí báàgì. Ó yọ káàdì ilé ìlera jáde, ó ti ká a sínú ọ̀rá kó má baà tutù. Dókítà kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Wọ́n ní kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu. Bí nǹkan yìí ṣe tóbi tó, ó ti lé lọ́dún kan dáadáa tó ti ń hù. Ó yẹ kí àyẹ̀wò yẹn rí i." Ó gbé káàdì lé orí tábìlì, ó jáde lọ wá àwọn oníṣẹ́ abẹ.

Bọ̀wálé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mosúnmọ́lá tẹ̀ lé e. Kò tíì rí i tó bínú tó báyìí rí.

"Edith. Ṣé Edith ni wọ́n ń pè é? Òun náà ló wá jẹun nílé wa lọ́jọ́ ọdún Àjíǹde. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó sọ fún wọn pé ara wọn dá! Mọ́ńdè ni màá wà níbẹ̀. Màá gbé e dé iwájú adájọ́. Kò ní ṣiṣẹ́ ìjọba mọ́ láyé rẹ̀."

Mosúnmọ́lá lè dákẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn nìyẹn, kò sì parọ́ fún ara rẹ̀ nípa rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé ni Edith kà. Ta ni yóò mọ ẹni tó kọ ọ́? Ọ̀gá wọn kò ní sọ. Edith kò tiẹ̀ mọ̀. Òun kàn lè máa ní "Ẹ fara balẹ̀, Dádì Pọ̀sí," kí ọjọ́ kọjá.

"Edith kọ́," ó wí.

"Kí lo wí?"

"Kì í ṣe ẹjọ́ Edith. Ohun tó bá nínú ìwé ló sọ. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀. Àǹtí kò dá ìgò padà. Wọn ò ṣe àyẹ̀wò kankan. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, mo sì kọ ọ́ pé wọ́n ti ṣe é."

Bọ̀wálé wò ó. Obìnrin kan ń ti ọmọ rẹ̀ kọjá lórí kẹ̀kẹ́, wọ́n yà fún un, wọ́n sì padà dúró síbi tí wọ́n wà. Mosúnmọ́lá ń retí pé kó pariwo. Ì bá wù ú kó pariwo.

"Ṣé Àǹtí ti mọ̀?" ó béèrè níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá.

"Rárá."

"Ìwọ lo máa sọ fún wọn. Kí wọ́n tó gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. N kò ní bá ọ sọ ọ́."

Ó kọjá lára rẹ̀, ó lọ wá ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ní kí wọ́n wá fún iṣẹ́ abẹ náà.

Ayọ̀mípọ̀sí ti fi ọ̀kadà dé pẹ̀lú fúlàásìkì. Ó ti ho ewùrà náà fúnra rẹ̀, ó sì ti gbìyànjú ìkọ́kọrẹ́. Ó ṣàn bí ẹ̀kọ, ata rẹ̀ pọ̀ jù. "Mọ́mì, mo rò pé wọ́n á fẹ́ jẹ ẹ́," ó wí. Mosúnmọ́lá ní kó gbé e sílẹ̀. Kò lè sọ fún un pé Àǹtí kò ní jẹ nǹkan kan lónìí, ó sì ṣeé ṣe kó má tètè jẹ nǹkan kan.

Wọ́n ti wọ Àǹtí Mọ́ṣádé láṣọ iṣẹ́ abẹ nígbà tí Mosúnmọ́lá padà wọlé. Wọ́n ti bọ́ yẹtí rẹ̀. Láìsí yẹtí, ó dà bíi pé ó ti dàgbà ju ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta lọ. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Dìde, ilẹ̀ yẹn dọ̀tí," Àǹtí wí.

Kò dìde. Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, kò sì sọ pé ẹnìkan ló ní kí òun ṣe é.

"Mo mọ̀ pé mi ò ṣe é," Àǹtí Mọ́ṣádé wí.

Mosúnmọ́lá gbójú sókè.

"Ó ti ṣe mí bákan lọ́jọ́ tí Edith sọ ọ́. Mo ní, èmi kọ́, mi ò dá ìgò kankan padà. Mo wá rò ó, mo ní ṣebí ìyàwó mi wà níbẹ̀. Bóyá nígbà tó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti bá mi mú díẹ̀ nínú ìgbẹ́ mi. Bóyá ó mọ̀ pé ojú ń tì mí, kò fẹ́ kí n mọ̀ ni." Ó sinmi, ó tún mí. "Mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú ọkàn mi."

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn òṣìṣẹ́ méjì wọlé láti gbé Àǹtí lọ, wọ́n ń tú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Àǹtí pa ojú dé, ó tún là á, ó sì wo Mosúnmọ́lá bó ṣe máa ń wò ó tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́ nínú ilé.

"Ta ni o tún kọ ọ́ fún?"

Wọ́n ti ń tì í lọ. Mosúnmọ́lá dìde, ó sáré tẹ̀ lé bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ wọ́n ní kó dúró, ilẹ̀kùn sì pa dé kó tó lè dáhùn.

Ó tó wákàtí mẹ́ta. Bọ̀wálé padà dé, ó jókòó sí òdìkejì bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bu ìkọ́kọrẹ́ tí ọmọ rẹ̀ sè, ó jẹ ẹ́, kò sọ pé ó dára tàbí kò dára. Ó dé fúlàásìkì, ó sì tì í sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ láìwò ó. Oòrùn ti ń lọ sísàlẹ̀ nígbà tí dókítà jáde. Ó ní Àǹtí yè. Wọ́n ti la ọ̀nà sí i ní ẹ̀gbẹ́ ikùn, ibẹ̀ ni yóò máa gbà yàgbẹ́ sínú àpò báyìí. Ohun tó hù náà ṣì wà níbẹ̀, wọn kò lè yọ ọ́ lónìí. Wọ́n sì rí àmì funfun mẹ́rin lára ẹ̀dọ̀, ó ti ràn débẹ̀.

"Ká ní a rí wọn lọ́dún tó kọjá ni," dókítà bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú àwọn méjèèjì, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó lọ."

Bọ̀wálé wọlé lọ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò ní kí Mosúnmọ́lá bá òun wá, òun náà kò sì béèrè. Ó jáde síta, ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò tí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn máa ń sá aṣọ sí. Àwọn mọ́kànlélógún ló kù. Ó mọ orúkọ wọn, kò nílò ìwé. Ó yọ fóònù, ó wá nọ́ńbà Bàbá Albert, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti kó lọ sí Ayépé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Nọ́ọ̀sì mi!" Ohùn Bàbá kún fún ayọ̀. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Bàbá, ìgò kékeré tí mo fún yín lọ́dún tó kọjá..."

"Ti àyẹ̀wò ìgbẹ́? Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi níbí. Mi ò rí àyè lò ó. Àmọ́ nígbà tí mo wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ẹ sọ fún mi pé ó ti jáde, pé ara mi dá. Mo ní bóyá ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fà lápá mi nígbà kan lẹ fi ṣe é. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn bá mi jó."

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Kò jáde. A kò ṣe é. Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀." Ó gbé ẹnu súnmọ́ fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ ń rí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ bá lọ yàgbẹ́?"

Mosúnmọ́lá ń gbọ́ ìró tẹlifíṣọ̀n nínú ilé wọn, àti ohùn obìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Bàbá tún sọ̀rọ̀, ó ti sọ ohùn rẹ̀ di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Dúró ná," ó wí. "Jẹ́ kí n jáde síta. N kò fẹ́ kí ọmọ mi gbọ́."